Ìlérí tó Ju Agbára Ẹni Lọ: Ẹ̀kọ́ láti inú Téèpù Belfast

Láàárín ọdún 2001 sí 2006, Boston College, yunifásítì àwọn àlùfáà Jesuit ní Amẹ́ríkà, gba ohùn àwọn tó ti jagun rí ní Àríwá Ireland sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ IRA àtijọ́ àti àwọn tó bá wọn jà sọ ohun tí ojú wọn rí àti ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lójú ayé wọn, àfi bí àwọn fúnra wọn bá yọ̀ǹda.

Àdéhùn tí yunifásítì bá Ed Moloney, olùdarí iṣẹ́ náà, ṣe sọ pé a ó pa àṣírí mọ́ dé ibi tí òfin Amẹ́ríkà bá gbà dé. Gbólóhùn yìí kò sí nínú ìwé tí àwọn tó sọ̀rọ̀ fọwọ́ sí.

Ní 2011, ọlọ́pàá Àríwá Ireland béèrè téèpù náà nítorí Jean McConville, ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá tí IRA jí gbé tí wọ́n sì pa ní 1972. Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó apá kan rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2019, adájọ́ kan ní Belfast kọ̀ láti gba téèpù wọlé bí ẹ̀rí. Àṣírí tú; àwọn ọmọ ìyá náà kò sì rí ìdájọ́ gbà.

A kò lè dá ọmọ tó ń wá ẹni tó pa ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Ìlérí ni àléébù wà. Jẹ́fútà ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ (Àwọn Onídàájọ́ 11), ọmọbìnrin rẹ̀ ló san án.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọ̀rọ̀ wá ọmọ ìjọ lẹ́nu wò tó tan ẹ̀rọ, kí ó sọ ohun tí ìwádìí wà fún, àti ibi tí agbára rẹ̀ láti pa àṣírí mọ́ parí sí. Yíyí orúkọ padà nìkan kò tó: bí a bá kọ “opó tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin,” gbogbo ìjọ ti mọ̀ ọ́n. Ó sì ṣòro fún ọmọ ìjọ láti sọ pé “rárá” fún pásítọ̀ rẹ̀. Ó sàn kí ẹlòmíràn bá a béèrè, kí ó sì mọ̀ pé òun lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà. Ohun tí a gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe àpèjúwe fún ìwàásù. Ẹyin lohùn.