Àkísà Àgbà àti Tíkẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀lù Àjò

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Owó lè ra aṣọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló ń sọ aṣọ di àkísà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pa òwe yìí nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì lówó lọ́wọ́, bá fẹ́ gba iwájú ẹni tó ti ń bá nǹkan bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òwe náà kò kẹ́gàn ọmọdé. Ó kàn ń sọ pé àwọn nǹkan kan wà tí kì í sí lórí àtẹ. Orí èrò yìí gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò póìǹtì àdúrótì kà, èyí tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tí yóò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá onípápá. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n òwe yìí ní apá kejì tí ẹnu kì í sábà dé, apá yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ètò póìǹtì ti gbàgbé.

Ọ̀wọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ló bí ọ̀rọ̀ póìǹtì. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú Premier League, líìgì tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ní sáà kan, 19 nínú wọn sì jẹ́ bọ́ọ̀lù àjò. Òfin líìgì ní kí onílé fún àlejò ní tíkẹ́ẹ̀tì 3,000; bí pápá ìṣeré onílé kò bá gba 30,000 èèyàn, ìdá 10 nínú 100 àyè tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àlejò. Old Trafford ń gba ohun tó lé ní 74,000 èèyàn, síbẹ̀ 3,000 náà ni ẹ̀tọ́ àlejò níbẹ̀. Ní Bournemouth, tí pápá ìṣeré rẹ̀ kò gbà ju 11,000 èèyàn àti díẹ̀ lọ, tíkẹ́ẹ̀tì tó ń kan àlejò kì í tó 1,500. Ẹgbẹ́ ńlá bíi Arsenal, ẹ̀wẹ̀, ní ju 40,000 èèyàn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún lọ, ká má tíì ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù. Nínú ìwọ̀nba tó bá sì dé náà, ẹbí àwọn agbábọ́ọ̀lù, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ àti àwọn onígbọ̀wọ́ yóò kọ́kọ́ gba tiwọn.

Níbi ọjà mìíràn, owó ni ìbá yanjú ọ̀rọ̀ náà: iye yóò gòkè títí tí àwọn tí kò lágbára rẹ̀ yóò fi padà sílé. Àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Láti ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn ti ń jà pé kí tíkẹ́ẹ̀tì àlejò má ju 20 pọ́n-ùn lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, nígbà tí Liverpool ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Sunderland ní Anfield, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dìde kúrò lórí ìjókòó wọn ní ìṣẹ́jú 77, nítorí pé ẹgbẹ́ fẹ́ sọ tíkẹ́ẹ̀tì kan di 77 pọ́n-ùn. Liverpool yí ìpinnu náà padà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé láti sáà 2016/17, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà ju 30 pọ́n-ùn lọ lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí àlejò. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba ṣe ní ọdún 1994 ti sọ títa tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù láìgba àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, kí àwọn aláròóbọ̀ má baà sọ ọ́ di ọjà wọn. Ìṣẹ́gun ńlá ni ìwọ̀nyí jẹ́ fún mẹ̀kúnnù. Àmọ́ nígbà tí owó kò bá lè yan ẹni tí yóò wọlé mọ́, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ yàn án, àwọn ẹgbẹ́ sì gbé iṣẹ́ náà fún póìǹtì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Gbogbo ìgbà tí alátìlẹ́yìn bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù àjò, a ó kọ póìǹtì sí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tuntun bá jáde, àwọn tí póìǹtì wọn pọ̀ jù lọ ni a kọ́kọ́ ń ṣí ọjà fún. Bí ó bá ṣẹ́ kù, a ó sọ òdiwọ̀n kalẹ̀ sí ìpele tó tẹ̀ lé e, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò fi tán. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń fi póìǹtì kún ti ìrìn àjò tó jìn tàbí ti alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ń ka bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ mọ́ ọn, tàbí iye ọdún tí èèyàn ti ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún.

Ẹni tó bá ń pe ètò yìí ní ojúsàájú lásán kò tíì ronú kan alátìlẹ́yìn Newcastle tó lọ sí Bournemouth. Ìrìn náà lé ní 340 máìlì ní àlọ nìkan. Bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá wá sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kúrò ní ọ̀sán Sátidé sí alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e délé yóò ti lọ kí fèrè ìkẹyìn tó dún. Inú bọ́ọ̀sì ni yóò ti sùn mọ́jú, yóò sì gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n lu ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 3 sí òdo pẹ̀lú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi nǹkan sílẹ̀ tí owó kò lè san padà, kò sì bójú mu kí ẹni tó jókòó sílé ní gbogbo ìgbà òtútù wá jókòó sí àyè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá ń lọ gba ife. Àkísà rẹ̀ hàn lára rẹ̀.

Ibi tí ètò náà ti wọ́ ni pé ó ń yí po lórí ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní póìǹtì kò lè rí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá sì rí tíkẹ́ẹ̀tì kò lè ní póìǹtì. Ká sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì 2,700 ló kù lẹ́yìn tí a ti yọ ti àwọn òṣìṣẹ́ àti onígbọ̀wọ́, tí 2,500 èèyàn sì ti lọ sí èyí tó pọ̀ jù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19 ní sáà tó kọjá. 200 péré ni yóò kù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún yòókù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn 2,500 náà ti fi póìǹtì kan lé èyí tí wọ́n ní, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n wà. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ojú kan ṣoṣo má yí padà nínú àwọn tó ń rìn.

Apá kejì òwe náà nìyí. Ọmọdé tí a ń sọ nínú rẹ̀ ní aṣọ, ó sì ń wọ̀ ọ́. Lójoojúmọ́ ni aṣọ rẹ̀ ń gbó, bí ó bá sì pẹ́, òun náà yóò ní àkísà. Òwe náà bu ọlá fún àgbà láìdí ọmọdé lọ́nà àtidi àgbà. Ètò tó bá ní kí ọmọdé lọ mú àkísà wá kó tó wọ aṣọ kì í ṣe èyí tí òwe náà ń tì lẹ́yìn; ó ti yí i lórí kodò. Ohun tó yẹ kí a fi wọn ètò póìǹtì èyíkéyìí ni pé: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí láìní póìǹtì kankan, tó sì múra tán láti jìyà bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe jìyà, ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí yóò gbà dé òkè láàárín ọdún mélòó kan? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ogún ni ẹgbẹ́ náà ń pín, kì í ṣe èrè ìdúróṣinṣin.

Ìrẹ́jẹ kejì fara pamọ́ díẹ̀. Póìǹtì yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí pé èèyàn rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó sanwó nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹgbẹ́ ní lọ́wọ́. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì kò ti ju 30 pọ́n-ùn lọ, ẹni tó wà lókè lè máa ra gbogbo rẹ̀, kó fi èyí tí kò wù ú ta ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò lọ́rẹ, kí póìǹtì sì máa gun orúkọ tirẹ̀. Nínú ìwé, ó ti lọ sí Bournemouth. Ní ti òtítọ́, orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ló wà. Àbúrò rẹ̀ tó gbọ̀n nínú òtútù kò sì ní póìǹtì kankan. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń kojú èyí: wọ́n a mú àwọn orúkọ díẹ̀, wọ́n a ní kí àwọn yẹn wá gba tíkẹ́ẹ̀tì wọn lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀ lára ẹni tí àìsàn dá dúró tó fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Èyí tó yẹ kí póìǹtì tẹ̀ lé ni ẹsẹ̀ tó rìn.

Àwọn tí ètò náà ń tì síta kì í ṣe àwọn tí ìfẹ́ wọn kéré. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà nínú wọn, àti ìyá tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àyè kẹ̀kẹ́ tí onílé ń fún àlejò kò ju ìwọ̀nba lọ, àkàbà tirẹ̀ sì wá le láti gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London àti Manchester, tí iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn àti arúgbó ń gba òru àti òpin ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń fẹ́ràn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n wá dé ìlú ẹgbẹ́ náà gan-an, wọ́n rí i pé àwọn tó wà lórí àkàbà ti gba tíkẹ́ẹ̀tì tán. Ìfẹ́ ọdún púpọ̀ tó wà lọ́kàn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ní kí a kúkú ṣẹ́ kèké, kí gbogbo orúkọ wọ inú àpótí kan. Ìyẹn náà kò tọ́. Kèké kò mọ ẹni tó lọ sí Bournemouth; bí ó bá jẹ́ òun nìkan, ẹni tó rìn ní ìgbà 19 lè má rí àṣekágbá wò, kí ẹni tí kò rìn rí láé sì wọlé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èyí tó sàn jù ni kí ẹgbẹ́ fi ìpín tó pọ̀ jù sílẹ̀ fún póìǹtì, kí wọ́n ya ìpín kan tó nítumọ̀ sọ́tọ̀ fún kèké láàárín àwọn tí póìǹtì wọn kò tó, kí wọ́n sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bá wọlé nípasẹ̀ kèké yóò gba póìǹtì bí ti ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti kan àkàbà.

Ohun kejì ni pé kí póìǹtì máa kú. Bí ó bá jẹ́ sáà méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan ni a ń kà, ẹni tó ti rìn gan-an ní ogún ọdún sẹ́yìn àmọ́ tí kò rìn mọ́ yóò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tuntun yóò sì gòkè. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí yóò fìyà jẹ aláboyún àti aláìsàn, ìbẹ̀rù náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ wà nílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà dá líìgì dúró. Nígbà tó padà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, kò sí èrò kankan lórí ìjókòó, kò sì sí ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni lè fi gba póìǹtì. Bí ó bá ṣeé ṣe láti dá ìkà póìǹtì dúró fún gbogbo ayé nígbà náà, ó ṣeé ṣe láti dá a dúró fún obìnrin kan tó bímọ.

Bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ ló ṣí sílẹ̀ jù fún ẹni tuntun lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀ báyìí. Nínú FA Cup, ẹgbẹ́ àlejò lè béèrè títí dé ìdá 15 nínú 100 àyè pápá ìṣeré. Ní pápá tó ń gba 60,000, ìyẹn jẹ́ 9,000, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí líìgì ń fúnni, òdiwọ̀n póìǹtì sì máa ń já wálẹ̀ gan-an. Ẹgbẹ́ tó bá ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́ póìǹtì líìgì ti ṣí ọ̀nà láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ àgbà. Ní ti Yúróòpù, ìdá 5 nínú 100 ni UEFA ní kí onílé fún àlejò, nítorí náà àkàbà ibẹ̀ le ju ti FA Cup lọ.

Gbogbo èyí wà lórí ohun kan: kí ẹgbẹ́ gbé àkàbà náà síta, kí wọ́n sọ iye èèyàn tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, iye tíkẹ́ẹ̀tì tó dé ọwọ́ wọn, àti iye tó lọ fún onígbọ̀wọ́. Láìsí ìyẹn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ọ̀nà wà fún ẹni ìsàlẹ̀. Láti sáà 2023/24, Premier League ti sọ ọ́ di dandan kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alátìlẹ́yìn tí yóò máa bá àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ jókòó. Iwájú ìgbìmọ̀ yẹn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ póìǹtì wà, kí àwọn tí kò tíì ní póìǹtì kankan sì ní aṣojú níbẹ̀.