Pierre Fátúnmbí Verger: Ayàwòrán tó fi Kámẹ́rà So Etí Òkun Méjì Pọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ayàwòrán arìnrìn-àjò. Ẹni tó yan iṣẹ́ yìí láàyò a máa la igbó kọjá, a máa gun òkè, a máa wọkọ̀ ojú omi, kí àwọn tó jókòó sílé lè fi ojú rí ohun tí wọ́n kàn ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Bí kò bá sì ní ọ̀gá kan tó ń san owó oṣù fún un, fọ́tò tó bá rí tà ni yóò fi jẹun. Nínú àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀rúndún ogún, ó ṣòro láti rí ẹni tí ìtàn rẹ̀ kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n tó ti Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí Ifá sọ ní Fátúnmbí.

Ọmọ olówó tó gba ọ̀nà àjò

Ìlú Paris ni wọ́n bí Verger sí ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1902. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí; iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ẹbí rẹ̀ ń ṣe. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1932, bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì ti ṣáájú lọ. Kò sí ohun tó tún so ó mọ́lẹ̀ ní Paris mọ́. Ní ọdún yìí kan náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pierre Boucher, kọ́ ọ bí a ṣe ń ya fọ́tò. Ó wá kámẹ́rà Rolleiflex kan, ó sì fẹsẹ̀ rin erékùṣù Corsica yí ká.

Ní ọdún 1933, ó wọkọ̀ lọ sí Tahiti. Ní ọdún 1934, ìwé ìròyìn Paris-Soir rán an yí ayé ká pẹ̀lú akọ̀wé kan, wọ́n sì dé Amẹ́ríkà, Jàpáànì àti Ṣáínà. Lẹ́yìn èyí ni ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tó sì dé Tógò àti Dahomey, ilẹ̀ tó gba orúkọ Benin ní ọdún 1975. Láti ibẹ̀, ó kọjá sí Kúbà, Mẹ́síkò, Philippines, Guatemala, Perú àti Bolivia. Ọdún 14 gbáko ni ó fi rìn báyìí kó tó rí ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń mówó wọlé

Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé, ta ni ń sanwó gbogbo ìrìn yìí? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó ya ayàwòrán tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ayàwòrán ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 1934, Verger, Boucher, obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Eisner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn dá ilé-iṣẹ́ Alliance Photo sílẹ̀ ní Paris. Bí ayàwòrán bá wà lójú ọ̀nà, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò máa bá a gbé fọ́tò tọ àwọn oníwèé ìròyìn lọ. Nẹ́gátíìfù sì ni ọrọ̀ ayàwòrán. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́tò kan ṣoṣo lè mówó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ó bá tà á dànù, ó ta adìyẹ mọ́ ẹyin nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Magnum sílẹ̀ ní ọdún 1947, Maria Eisner wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀tọ́ ayàwòrán lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ni òpó tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lé.

Èyí kò sọ pé owó ń ya wọlé bí omi. Bí Verger bá wà ní Paris, ó ń bá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Trocadéro ṣiṣẹ́ láìgba owó. Àǹfààní láti fọ fọ́tò tirẹ̀ níbẹ̀ ni ó fi ṣe èrè.

Kámẹ́rà tó ń lò náà ní ìwà tirẹ̀. A kì í gbé Rolleiflex bo ojú. Igbá àyà ni ayàwòrán ń gbé e sí, yóò wá tẹrí ba láti wo gíláàsì tó wà lókè rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yà ń rí ojú ẹni tí ń yà á, ó sì dà bí ẹni pé àlejò náà ń kí i. Fọ́tò 12 péré ni fíìmù kan ń gbà, nítorí náà kò sí àyè fún ìyàkúyà. Ooru àti ọ̀rinrin sì lè ba fíìmù jẹ́ kó tó dé ibi tí wọn yóò ti fọ̀ ọ́.

Láti Bahia dé Kétu

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1946, Verger gúnlẹ̀ sí Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Ìwé ìròyìn O Cruzeiro ni ó ń ya fọ́tò fún. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó, tí wọ́n ṣì ń ké pe Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ògún ní èdè àwọn baba ńlá wọn. Iṣẹ́ ayàwòrán arìnrìn-àjò ni kó yà, kó sì kọjá lọ. Verger kò lè kọjá lọ mọ́.

Ní ọdún 1948, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IFAN ní Dakar, tí Théodore Monod ń darí, fún un ní owó ìwádìí láti wá wo orírun àwọn òrìṣà wọ̀nyí ní Áfíríkà. Ó kó nǹkan bí 2,000 nẹ́gátíìfù jọ fún wọn. Wọ́n ní kò tó. Àfi kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò wù ú rárá, ṣùgbọ́n ó gbà. Báyìí ni ẹni tó gbà pé ojú tó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Ní Ouidah, ní ọdún 1949, ó rí lẹ́tà tó lé ní 100 tí oníṣòwò ẹrú kan kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwádìí tó ti ibẹ̀ jáde ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé fún un ní Sorbonne ní ọdún 1966.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1952 fi hàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà tó. Aláàfin Adéníran Adéyẹmí fi ṣẹ́rẹ́ àti ẹdùn àrá rán an, pẹ̀lú lẹ́tà, sí Mãe Senhora, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní Salvador. Oyè Ìyá Nàsó ni lẹ́tà náà fi dá a lọ́lá. Ayàwòrán ti di ońṣẹ́ ọba. Ní ọdún 1953, ó tẹfá ní Kétu, ó di babaláwo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúnmbí, ìyẹn ni pé Ifá tún un bí. Ní ọdún 1954, ìwé rẹ̀ Dieux d'Afrique jáde. Àwòrán àwọn olórìṣà Áfíríkà àti ti Bahia wà nínú rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá ṣí i yóò rí i pé aṣọ jọra, ijó jọra, ojú ẹni tí òrìṣà gùn pàápàá jọra. Àwọn ẹbí tí òkun yà fún ìgbà pípẹ́ tún wo ojú ara wọn nínú ìwé.

Orúkọ tí a kò kọ

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà tí kò yẹ kí olùkọ́ fò dá. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ ìlú ni à ń rí lábẹ́ àwọn fọ́tò wọ̀nyí, kì í ṣe orúkọ ẹni tó wà nínú wọn. Oníwèé ìròyìn kò béèrè orúkọ. Ojú tó rẹwà ni wọ́n ń sanwó fún. Orúkọ ẹni tó ya fọ́tò wá kárí ayé, orúkọ obìnrin tó ru ẹbọ Ṣàngó sì sọnù. Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ lè wo àwòrán náà lónìí láìmọ̀ pé ìyá ìyá òun ni òun ń wò. Verger fẹ́ràn àwọn tó ń yà, ó sì bá wọn gbé. Àìpé yìí ṣì wà nínú iṣẹ́ náà.

Verger bá Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì kó ìmọ̀ àwọn babaláwo nípa ewé jọ sínú ìwé Ewé tó jáde ní ọdún 1995. Ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1996 ni ó kú ní Salvador. Ní ọdún 1988 ni ó ti dá Fundação Pierre Verger sílẹ̀ nínú ilé tirẹ̀, nẹ́gátíìfù tó lé ní 60,000 ni ó sì fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nítorí pé kò ta wọ́n dànù ni a fi ń rí wọn wò.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fóònù alágbèéká ní kámẹ́rà lọ́wọ́. Bí ó bá lọ sí ọdún Ọ̀ṣun tàbí tó gun òkè Ìdànrè, kó tọrọ àyè kó tó ya ẹnikẹ́ni. Kó béèrè orúkọ ẹni náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti yà á. Àfojúbà ju ìròyìn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò lè sọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bi í.