Ohun Tó Ń Bo Ojú Ilé: Ìtàn Ibòòji Ìta ní Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀

Orí òrùlé ni ibòòji ilé ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti Àwórì, níbi tí Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀ wà, kì í ṣe ojú fèrèsé. Ilé amọ̀ àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní fèrèsé. Bó bá ní, ihò kékeré ni, tí èéfín ń gbà jáde, tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Yàrá ṣókùnkùn, ó sì tutù. Ibi à ń sùn àti ibi à ń kó ẹrù sí ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ilé, ìyẹn ọ̀nà gbọọrọ tó wà níwájú àwọn yàrá, tí òrùlé nà dé, tí òpó igi sì gbé ró. Nínú agbo ilé ńlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí a yí àgbàlá ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ran òwú, ibẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ ń sùn sí lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní ọ̀dàn, ṣùgbọ́n níbi tí igbó ti dí, ewé gbọ̀dọ̀gí ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Níbi tí ọ̀pẹ bá sì pọ̀ sí, imọ̀ ọ̀pẹ wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ohun yòówù kí wọ́n fi bò ó, etí òrùlé a máa wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹrí ba kó tó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí ògiri ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ni ọ̀tá amọ̀. Bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ń kán sí ìdí ògiri lọ́dọọdún, yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilé yóò fi wó. Bí etí òrùlé bá nà síwájú, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí ògiri. Ààbò ògiri ni wọ́n rà lọ́jà, ibòòji wá jẹ́ èènì lórí rẹ̀. Èènì yìí ni gbogbo ìtàn tó kù rọ̀ mọ́, nítorí pé èènì kì í sí nínú ìṣirò owó; ọjọ́ tí kò bá wá mọ́, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti lọ.

Níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti ń yọ́ wọlé lábẹ́ etí òrùlé, ẹní ni wọ́n ń ta sí àárín òpó méjì. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbà, bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹyìn tàbí tí wọ́n ń ṣe ìnáwó, wọ́n a ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà. Bíláìndì ìta tí à ń ká sókè tí à ń tú sílẹ̀ lónìí, ọmọ ìyá ẹní yẹn ni.

Fèrèsé ńlá dé láti Èkó. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil tí wọ́n padà wálé ní ọ̀rúndún 19, kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wá. Ilé Ìlọ́jọ̀ tí ìdílé Fernandez kọ́ sí Tinúbu ní nǹkan bí 1855 wà lára iṣẹ́ ọwọ́ àkókò náà. Ìjọba kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní 2016, àdánù tí kò ṣeé dá padà. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì wà ní Èkó fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí irú iṣẹ́ náà. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ ibòòji jù nínú ìmọ̀ tí wọ́n kó wá ni fèrèsé onípákó. Káfíńtà á gbẹ́ ihò tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ara férémù lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á wá ti pákó pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìdí èyí tó wà lókè lè gun orí èyí tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ti fèrèsé yìí pa, afẹ́fẹ́ á ṣì máa wọlé. Òjò tó bá kọlù ú á ṣàn sí ìta. Oòrùn kò ní rí ọ̀nà tààrà gbà. Ẹni tó wà ní títì kò ní rí ẹni tó wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n ẹni inú yàrá lè bojú wo ìsàlẹ̀ kó mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ìta ògiri ni ó máa ń ṣí sí, ìta náà ni ó sì ti ń dá oòrùn dúró. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti fi bo ojú ilé ní agbègbè yìí, kò sí èyí tó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìlo owó púpọ̀.

Reluwé ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Ìddó ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ifọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, nígbà tó sì yá ó di oríta, tí ojú irin mìíràn ya láti ibẹ̀ gba Ìláròó lọ sí Ìdògò. Ọkọ̀ tó ń kó èkùrọ́ àti kòkó lọ sí èbúté kì í ṣòfo padà. Páànù wà lára ẹrù rẹ̀. Páànù kì í jó bí koríko, kì í sì í béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ó ń gba ooru sára, ó sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá. Àjà pákó ni wọ́n fi dá a lóhùn, àti bàráńdà tí wọ́n fi páànù bò yí ilé ká. Ibòòji ṣì wà, àmọ́ etí òrùlé ti gòkè, kò wálẹ̀ mọ́ bíi ti ìgbà koríko.

Ìyípadà tó tóbi jù wá láti ìtòsí. Ilé iṣẹ́ West African Portland Cement Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ní 1960, lójú ọ̀nà Ifọ̀ sí Abẹ́òkúta, nítorí òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Bùlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kò bẹ̀rù òjò. Onílé kò ní ìdí mọ́ láti náwó sórí etí òrùlé gígùn, nítorí ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kì í yọ́. Wọ́n gé etí òrùlé kúrú, pákó àti páànù dín kù, owó sì ṣẹ́ kù. Ìṣirò náà péye ní ti ògiri. Èènì ni kò sí nínú rẹ̀. Ibòòji bá etí òrùlé lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ àárín ilé, ó di ọ̀nà tóóró láàárín yàrá méjì tó kọjú síra, níbi tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń dáná.

Àwọn kan ti rí i nígbà náà pé sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ lè ṣe ibòòji. Ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, ayàwòrán-ilé láti Ìlú Ọba, ya ilé tí yàrá kan ṣoṣo fẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á já, wọ́n sì fi bùlọ́ọ̀kù oníhò ta bí aṣọ sí iwájú rẹ̀. Ìwé wọn lórí ilé kíkọ́ níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ jáde ní 1956. Ohun tó dé Ifọ̀ nínú ìmọ̀ yìí kéré: fáńsì bùlọ́ọ̀kù ojú àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí bíríkìlà kà sí ẹ̀ṣọ́.

Gíláàsì lúfà ló rọ́pò fèrèsé onípákó. Ó fara jọ ọ́, nítorí gíláàsì pẹlẹbẹ tó tẹ̀ léra ni, tí ọwọ́ irin kan ń ṣí tó sì ń tì. Afẹ́fẹ́ ń gba gbogbo ojú rẹ̀ wọlé, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í dá oòrùn dúró, ó sì rọrùn fún olè láti yọ, nítorí náà wẹ́dà jó irin sí i. Fèrèsé onígíláàsì tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé lúfà. Ìdajì ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé abala kan gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn èkejì. Ilé tó wá ní gíláàsì púpọ̀ jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni afẹ́fẹ́ ń wọ̀ kéré jù.

Mowé àti Ìbàfò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ṣáájú ìgbà náà, abúlé àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n, ní àgbègbè tí òkìkí ìrẹsì Ọ̀fàdà ti jáde. Ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà náà nítòsí Mowé ní 1983, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn tí owó ilé Èkó ti lé jáde sì ń wá ra púlọ́ọ̀tì. Púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ẹni tó ra ìdajì kì í fẹ́ fi ibì kankan sílẹ̀, ògiri ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fẹ́ǹsì. Ojú títì ni wọ́n sì ń kọ ilé sí, kì í ṣe ojú afẹ́fẹ́. Ibí ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dá kún ìyà. Láti Bẹ́gà lẹ́nu ààlà Èkó dé Mowé, ọ̀nà márosẹ̀ náà kọrí sí àríwá, ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ilé tó bá kọjú sí i kò ní ṣàìkọjú sí oòrùn àárọ̀ tàbí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Èyí tó wà ní òpópónà tó dábùú ọ̀nà náà rí ìsinmi gbà ju ti etí títì lọ.

Ìrìn oòrùn ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Agbègbè yìí wà ní ìwọ̀n bíi 6.8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní ṣánṣán àtàrí, òrùlé ló ń gbà á. Ní oṣù kejìlá, ó máa ń tẹ̀ sí gúúsù. Etí òrùlé tó gùn díẹ̀ tó láti dá a dúró. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni ìṣòro wà, nítorí pé oòrùn tó ń yọ àti èyí tó ń wọ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá. Kò sí etí òrùlé tó lè bò ó. Ohun tó bá rọ̀ wálẹ̀ níwájú fèrèsé nìkan ló lè ṣe é. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ló burú jù, torí pé nígbà tí oòrùn bá kàn án, afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ti gbóná tẹ́lẹ̀.

Ìta ni ibòòji gbọ́dọ̀ wà. Kọ́tìnnì ń pa ìmọ́lẹ̀, kì í pa ooru: oòrùn ti gba gíláàsì wọlé kó tó kan aṣọ, aṣọ gbóná, ooru náà kò sì rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn kọ́tìnnì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá dá oòrùn dúró kó tó dé ara gíláàsì ń gbóná níta, afẹ́fẹ́ ìta sì ń gbé ooru rẹ̀ lọ.

Tapólì ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ta sí bàráńdà. Kò wọ́n, ó ń dá òjò àti oòrùn dúró, ṣùgbọ́n ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró pẹ̀lú, ìjì a sì fà á ya láti ojú ihò okùn. Dánpálọ̀n, ìyẹn páànù oníke, dé lẹ́yìn rẹ̀ fún ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Orí ló ń bò, kò wúlò fún oòrùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bíláìndì ọparun lẹ́wà, afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀, ó sì sún mọ́ ẹní àtijọ́ jù lọ, àmọ́ kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn rẹ̀, òjò oṣù kẹfà a sì mú kó bu bí kò bá sí lábẹ́ òrùlé. Bíláìndì onípáànù dà bí fèrèsé onípákó nínú ìṣe rẹ̀, ó lágbára, olè kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wọ́n. Èyí tó bá ilé púpọ̀ mu jù ní Mowé àti Ìbàfò ni aṣọ oníhò wínníwínní tí wọ́n fi òwú oníke hun, tí à ń ká mọ́ igi lókè. Ojú ń rí ìta láti inú rẹ̀, omi kì í dúró sí i, kì í sì í jẹrà. Oòrùn máa ń jẹ irú èyí tí kì í ṣe ojúlówó, yóò sì máa já bí òwú ogbó láàárín ọdún mélòó kan. Ìdè rẹ̀ náà ṣe kókó: ìṣó lásán a dípẹtà, yóò sì fi omi pupa fa ilà sára ògiri.

Atẹ́gùn òjò ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ìjì líle ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìlà-oòrùn ni ó ti ń wá, ó sì máa ń yára. Bíláìndì apá yẹn ni wọ́n ń ká sókè bí àwọsánmà bá ti ṣú. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ní irin wúwo tí wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lè fara da afẹ́fẹ́ lásán, kò lè fara da ìjì. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń di ihò wínníwínní náà. Omi àti ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń fi àlàfo tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín bíláìndì àti gíláàsì, wọn kì í sì í dí òkè rẹ̀ pa, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè rí ibi gbà gòkè lọ.