Ta Ló Rí Dókítà Kẹ́yìn?

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, nọ́ọ̀sì ni mí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Yorùbá la sì fi ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì yìí. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ ṣùgbọ́n tí sísọ rẹ̀ ṣì ṣòro díẹ̀, ẹ jókòó, ilé yín náà nìyí.

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán ní wọ́ọ̀dù: ta ló rí dókítà kẹ́yìn? Ẹnì kan á ní ó wà lókè. Ẹlòmíì á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹnì kẹta á ní ó ti lọ jẹun. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ohun tí kálukú rí ló sọ, àmọ́ ìgbà tí wọ́n rí i kò dọ́gba. Ìṣòro yìí gan-an làwọn ẹ̀rọ tó yí wa ká ń bá jà: fóònù, aago ọwọ́, iná tó ń dá tàn nínú ilé, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Gbogbo wọn ń ròyìn ibì kan náà àti ènìyàn kan náà. Báwo ni ẹnu wọn ṣe ń kò? Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni apá kan rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Láàárín ọdún 1989 sí 1992, ní ìlú Cambridge, àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Olivetti ṣe báàjì kan tí wọ́n pè ní Active Badge. Roy Want àti Andy Hopper wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ á fi báàjì náà kọ́ àyà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 síra wọn, báàjì á ta àmì kan jáde, pẹ̀lú irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, èyí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri yàrá á gbọ́ àmì náà, á sì ròyìn fún kọ̀ǹpútà pé lágbájá wà níbí. Bí ẹnì kan bá pè lágbájá, wọ́n á darí ìpè náà sí fóònù tó sún mọ́ ọn jù. Ó dùn mọ́ mi pé nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1992, ilé ìwòsàn ni àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣàlàyé ìdí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi wúlò: mímọ ibi tí òṣìṣẹ́ àti aláìsàn wà nígbà pàjáwìrì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15? Bátìrì ni. Bí báàjì bá ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, bátìrì rẹ̀ á tètè kú, àmì báàjì méjì tó wà nínú yàrá kan náà á sì máa kọlu ara wọn. Wọ́n wò ó pé ènìyàn kì í sáré nínú ọ́fíìsì, nítorí náà, ìròyìn tó ti pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ṣì ṣe é lò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n gbà pẹ̀lú ìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tí o wà. Ibi tí wọ́n ti rí báàjì rẹ gbẹ̀yìn ló mọ̀. Bó o bá bọ́ kóòtù rẹ sórí àga tó o sì jáde, kóòtù ni yóò máa dáhùn fún ọ.

Àwọn ará Cambridge kò fi èyí pa mọ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ tí wọn kò tíì gbúròó báàjì kan, ojú ẹ̀rọ wọn á sọ ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn àti ìgbà tí wọ́n rí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kò níwà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà kan náà, ní Palo Alto ní California, Mark Weiser ti ilé ìwádìí Xerox PARC ń sọ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí kọ̀ǹpútà á pọ̀ débi pé a ò ní í kíyè sí i mọ́, tí á wà nínú ògiri, lórí tábìlì, nínú àpò. Ọdún 1991 ló gbé èrò yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Scientific American. Roy Want lọ bá wọn níbẹ̀. Nígbà tó di 1994, òun, Bill Schilit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tó mọ àyíká ẹni: ibi tó o wà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ, ohun tó wà nítòsí rẹ. Ẹ̀rọ kan lè mọ ìyẹn láìsí wàhálà. Ìgbà tí ẹ̀rọ mẹ́wàá bá ń pín in mọ́ra wọn ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan ti rí gbòǹgbò ìjà yìí tipẹ́. Lọ́dún 1978, Leslie Lamport kọ ìwé kan nípa aago. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé. Ká ní ẹ̀rọ tó ń wo ìfúnpá aláìsàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìfúnpá já wálẹ̀ ní aago 10:04, tí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ oògùn sílẹ̀ sì kọ ọ́ pé a fún un lóògùn ní aago 10:06. Ẹni tó bá kà á á ní oògùn kọ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n bí aago ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá fi ìṣẹ́jú 5 pẹ́ sẹ́yìn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, oògùn ló ṣáájú. Kò sí aago méjì tó dọ́gba pátápátá, bó ti wù kí wọ́n wọ́nwó tó.

Lamport ní kí a gbé aago tì. Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ka iṣẹ́ tó bá ṣe: ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn, kó fi iye tó kà dé sínú iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ tó gbà á bá rí i pé iye yẹn ju tirẹ̀ lọ, kó sún tirẹ̀ kọjá rẹ̀. Lọ́nà yìí, ohun tó fa nǹkan á máa ṣáájú ohun tó fà. Bí iye méjì bá wá dọ́gba, àdéhùn ni: a ti gbà tẹ́lẹ̀ nípa ẹ̀rọ tí a ó kà ṣáájú.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti bá wí nítorí pé ẹ pe ẹnì kan lórúkọ láìfi "bùọ̀dá" tàbí "àǹtí" síwájú rẹ̀, èyí kò lè ṣàjèjì sí yín. Nínú agbo ilé, ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ló jẹ́ àgbà fún ìyàwó tó wọlé tẹ̀ lé e, bí ọjọ́ orí ti ẹ̀yìn tilẹ̀ jù ú lọ. Ọjọ́ ìwọlé la ń kà, a kì í wo ọjọ́ ìbí. Táyé ló kọ́kọ́ dé ayé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé la kà sí ẹ̀gbọ́n, torí a gbà pé òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Ẹlòmíì lè jiyàn títí, àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn.

Lọ́dún 1995, Doug Terry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC kan náà gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Bayou. Ènìyàn méjì wà lórí ìrìn àjò, kọ̀ǹpútà wọn kò rí ara wọn, àwọn méjèèjì sì gba yàrá ìpàdé kan náà sílẹ̀ fún aago kan náà. Bayou jẹ́ kí ìwé tí kálukú kọ máa gbé ìtọ́ni dání: bí ẹnì kan bá ti gba yàrá yìí, ẹ fún mi ní aago mẹ́ta dípò rẹ̀. Títí tí ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ṣe olórí á fi fọwọ́ sí i, ìwé náà kò tíì dúró, ẹ̀rọ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ìyẹn ni pé wọ́n gbà pé ìyapa á wáyé, wọ́n sì palẹ̀ fún un.

Nígbà tí Amazon ṣàlàyé Dynamo tiwọn lọ́dún 2007, wọ́n mú ọ̀nà mìíràn fún agbọ̀n ọjà: bí agbọ̀n méjì bá yàtọ̀ síra, a ó da méjèèjì pọ̀ kí ohun tí oníbàárà fi sínú rẹ̀ má bàa sọnù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tó o ti yọ kúrò lè tún jáde padà. Fún bàtà, kò burú, wàá tún yọ ọ́. Ẹ wá gbé ọgbọ́n yẹn wá sórí ìwé oògùn. Oògùn tí dókítà ti ní ká dá dúró láàárọ̀ tún yọjú nírọ̀lẹ́, torí pé kọ̀ǹpútà kan tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí ìlà. Ẹ ò rí i pé kò sí òfin kan tó lè bá gbogbo iṣẹ́ mu. Ẹni tó mọ ewu tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yàn.

Àwọn olùwádìí kan ní Hong Kong, Chang Xu àti S. C. Cheung lára wọn, tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Òfin tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ènìyàn kan kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìròyìn méjì bá ta kora, èwo la ó jù nù? Àwọn kan máa ń ju èyí tó dé kẹ́yìn, àwọn mìíràn á ju méjèèjì. Lọ́dún 2008, wọ́n dábàá pé ká má yára dájọ́, ká dúró díẹ̀, ká wo ìròyìn tó ń bá àwọn tó kù jà jù lọ, ká wá ju ìyẹn nù. Bí àwọn àgbà ṣe ń dá ẹjọ́ ni, wọn kì í gbọ́ ẹnu ẹnì kan dájọ́.

Ibì kan ló ṣì ń kọ mí lóminú. Báàjì Cambridge ní ohun kan nínú tó máa ń pa á bí òkùnkùn bá bò ó, kí bátìrì má bàa jẹ. Nítorí náà, bó o bá fi sínú dúrọ́ọ̀, ó ti dákẹ́ nìyẹn. Lójú ẹ̀rọ, ìròyìn rẹ ti di àlòkù. Lójú tìrẹ, o sinmi díẹ̀ ni, o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tó o wà. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣírí wà níbẹ̀, wọ́n sì jíròrò rẹ̀ nínú ìwé wọn. Bí a bá wá ṣe ẹ̀rọ tí kì í ṣìnà láé nípa ibi tí nọ́ọ̀sì wà, mo mọ aláìsàn tó máa jàǹfààní, mo sì mọ ọ̀gá tó máa fi ka iye ìgbà tí a lọ sí ilé ìtura. Ẹ fi báàjì sára kẹ̀kẹ́ aláìsàn àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sára, mo fara mọ́ ọn tọwọ́ tẹsẹ̀, torí a máa ń wá wọn kiri. Ní tèmi, kí ojú ẹ̀rọ kàn kọ ọ́ pé wọ́n rí mi ní wọ́ọ̀dù ní aago 2:10, kó sì dúró síbẹ̀.