Kí ló mú kí sílíńdà gáàsì ìdáná di ewu nínú ọkọ̀ èrò ní Abidjan?

Ní ìlú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àwọn awakọ̀ kan ti sọ gáàsì tí wọ́n fi ń se oúnjẹ di epo ọkọ̀. Sílíńdà tó yẹ kó wà ní ilé ìdáná ni wọ́n ń gbé sínú bóòtù takisí, tí èrò tó jókòó sẹ́yìn sì ń fẹ̀yìn tì í láì mọ̀.

Àwọn aláṣẹ Côte d'Ivoire ti kìlọ̀ léraléra lórí àṣà yìí. Síbẹ̀, gáàsì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ ló ń fi gáàsì rìn káàkiri àgbáyé láìséwu. Irú sílíńdà tí wọ́n rọ gáàsì sí, fáàfù tó wà lẹ́nu rẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó dè é mọ́ ọkọ̀ ló ń sọ bóyá èrò yóò délé láyọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ọmọ Yorùbá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ti àwọn ìlú mìíràn, ti ń ṣòwò ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Anango. Takisí tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ ni àwọn náà ń wọ̀.

Kí ló dé tí awakọ̀ fi ń lo gáàsì ìdáná?

Owó ni. Ìjọba Côte d'Ivoire ló ń dá iye owó gáàsì ìdáná, ó sì ń san lára owó náà kí agbára mẹ̀kúnnù lè ká a, kí àwọn èèyàn má baà máa gé igi igbó dáná. Nítorí náà, fún awakọ̀ woro-woro, ìyẹn takisí tí èrò jọ ń wọ̀ láti àdúgbò kan dé òmíràn, sílíńdà gáàsì dín owó epo ojúmọ́ kù.

Àmọ́ owó ìrànwọ́ tó yẹ kó dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn. Ewu tó sì wà níbẹ̀ kọjá ti owó.

Irú gáàsì wo ni?

Oríṣi méjì ni gáàsì yìí: butane àti propane. Butane ló wọ́pọ̀ nínú sílíńdà ìdáná ní Côte d'Ivoire. Wọ́n máa ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di olómi nínú sílíńdà. Bí ó bá jò, lítà kan gáàsì olómi lè di afẹ́fẹ́ tó ju 200 lítà lọ.

Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Bí ó bá jò, kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló máa ń bọ́ sí, yóò sì kóra jọ sábẹ́ àga ọkọ̀ tàbí sínú bóòtù. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná ìṣáná kan ti tó láti mú kó gbiná.

Gáàsì CNG tí ìjọba Nàìjíríà ń polongo fún ọkọ̀ lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù dópin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 yàtọ̀ sí i. CNG fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ tó bar 200, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré jẹ́ nǹkan bí bar méjì péré. Sílíńdà ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì láéláé.

Báwo ni ọkọ̀ onígáàsì tó péye ṣe rí?

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní òfin kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 67, lórí ohun èlò gáàsì yìí nínú ọkọ̀. Lára ohun tó là sílẹ̀ nìyí:

• Fáàfù kan gbọ́dọ̀ dá gáàsì dúró nígbà tí sílíńdà bá kún dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì olómi a máa wú bí ooru bá mú un. Bí kò bá sí àyè tó lè wú sí, irin ni yóò fà ya.

• Fáàfù mìíràn gbọ́dọ̀ ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí agbára inú sílíńdà bá sún mọ́ bar 27, kí gáàsì lè jáde díẹ̀díẹ̀ dípò kí sílíńdà bú gbàmù.

• Fáàfù oníná gbọ́dọ̀ ti ẹnu sílíńdà ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá kú.

• Wọ́n gbọ́dọ̀ de sílíńdà mọ́ ara ọkọ̀ gírígírí, kí ó má baà já bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

• Bí sílíńdà bá wà nínú ọkọ̀, gáàsì tó bá jò lẹ́nu rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà jáde síta.

Sílíńdà ìdáná kò ní fáàfù oníná tó ń ti ara rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún sítóòfù kò lè fara da ooru ẹ́ńjìnnì àti gbígbọ̀n ọkọ̀ lójú títì. Bí ẹnì kan bá sì ń rọ gáàsì láti inú sílíńdà kan sí òmíràn lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ó ti tó.

Ẹ̀kọ́ láti inú forklift

Kì í ṣe takisí nìkan ló ń lo gáàsì. Ọ̀pọ̀ forklift, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní èbúté àti ilé ìkẹ́rùsí, ń lo propane. Ìdúbúlẹ̀ ni sílíńdà rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn awakọ̀.

Lára ọkọ̀ náà, irin kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ wọ ihò ara sílíńdà. Òun ló ń jẹ́ kí fáàfù ààbò kọjú sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ gáàsì wà. Bí wọ́n bá gbé sílíńdà náà sódì, gáàsì olómi ni fáàfù yóò máa tú jáde, ewu rẹ̀ sì pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ gáàsì lọ.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ní oṣù Kíní ọdún 1999, ní Vénissieux lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Lyon lórílẹ̀-èdè France, àwọn kan dáná sun ọkọ̀ onígáàsì kan tí sílíńdà rẹ̀ kò ní fáàfù ààbò. Ó bú gbàmù nígbà tí àwọn panápaná ń pa iná náà, wọ́n sì farapa gidigidi. Lẹ́yìn náà ni France sọ fáàfù ààbò di dandan.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tó ń lo CNG bú gbàmù ní ibùdó gáàsì kan ní ìlú Benin, ìpínlẹ̀ Edo, àwọn èèyàn sì farapa. Àjọ ìjọba tó ń mójútó ètò CNG ní Nàìjíríà sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n jó sílíńdà náà pọ̀ ni, àti pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún CNG.

Àìsí fáàfù kékeré kan ló fa ti àkọ́kọ́. Sílíńdà tí kì í ṣe ojúlówó ló wà nídìí èkejì.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú ọkọ̀?

• Ẹ sọ fún awakọ̀ kó dúró, kó sì pa ẹ́ńjìnnì.

• Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí gbogbo èrò sì bọ́ sílẹ̀.

• Ẹ má ṣe ṣáná, ẹ má sì tan iná inú ọkọ̀. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ náà kí ẹ tó lo fóònù.

• Ẹ pe panápaná: nọ́ńbà wọn ní Côte d'Ivoire ni 180, ní Nàìjíríà, ẹ pe 112.

• Awakọ̀ kò gbọdọ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣí títí mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ gáàsì yóò fi rí ibi tó ń jò. Omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá a. Ibi tó bá ń hó ni gáàsì ti ń jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iná wá a.

Òórùn burúkú yẹn kì í ṣe ti gáàsì gan-an. Àwọn tó ń ṣe gáàsì ló fi èròjà olóòórùn kún un, kí imú lè kìlọ̀ kí iná tó dé.