Kẹ́mísírì Tí Í Jẹ́rìí ní Ilé Ẹjọ́: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ọmọ Ojoo

Bí ọmọ wa kan bá gba oyè nínú kẹ́mísírì, tí ó sì ní òun fẹ́ kọ́ irú èyí tí í jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́, àwọn òbí a máa bi í pé, “Iṣẹ́ wo nìyẹn?” Ìtàn ni yóò dá wọn lóhùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pe James Marsh, onímọ̀ kẹ́mísírì, kí ó wá yẹ kọfí kan wò tí wọ́n ní májèlé arsenic wà nínú rẹ̀. Ó rí májèlé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ tí ń dájọ́. Wọ́n sì dá afurasí sílẹ̀. Ó dun Marsh púpọ̀. Ó wá ọ̀nà tí ó dára jù ú lọ, ó sì gbé e jáde ní 1836.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní 1990, ní Ìbàdàn àti ní Jos, àwọn ọmọdé mu paracetamol olómi; wọn kò lè tọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀. Omi yìí kò ní àwọ̀, ó dùn lẹ́nu, ó sì jọ propylene glycol tí a fi ń po oògùn bí ìbejì, ṣùgbọ́n kíndìnrín ni í bà jẹ́. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n. Àfi yàrá àyẹ̀wò. Ní 1993 ni ìjọba ṣe òfin tí ó dá NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 2008, májèlé kan náà tún wọ inú oògùn eyín àwọn ọmọ ọwọ́, ó sì pa ju 80 lọ.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí ó gba Ojoo ni ó gba ẹnu Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí yóò kọ́ bí a ti ń ya èròjà kúrò lára èròjà, àti bí a ti ń wọ̀n ọ́n. Yóò kọ́ bí a ti ń fi èdìdì di ẹ̀rí, kí á sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kàn án sílẹ̀, kí lọ́yà má baà rí ihò nínú rẹ̀.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò irú èyí ní 2017. Rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020 bà á jẹ́. Ilé ṣeé tún kọ́. Ọlọ́gbọ́n tí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá jókòó lórí ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, kí á rántí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú dókítà àti lọ́yà. Òkú kò lè rojọ́. Ẹ jẹ́ kí á tọ́ ẹni tí yóò bá a rò ó dàgbà láàrin wa.

Ojoo yóò máa tẹ̀síwájú o.