Ọmọ Tuntun Mọ Ìrora: Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn Nípa Iṣẹ́ Abẹ

Nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló gbà pé ọpọlọ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó láti mọ ìrora. Ẹ̀rù oògùn akunilóorun náà tún ń bà wọ́n. Nítorí náà, wọ́n lè fún ọmọ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó lè mira, kí wọ́n sì là á lábẹ láìsí oògùn apàrora tó péye. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan!

Dókítà Kanwaljeet Anand àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo ọ̀rọ̀ náà lára ọmọ 16 tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n fẹ́ dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan fún nítòsí ọkàn. Gbogbo wọn gba oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́jọ gba fentanyl, apàrora tó lágbára, mọ́ ọn. Ara àwọn mẹ́jọ yòókù ló dàrú jù: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ròkè, wọ́n sì ní ìṣòro ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èsì yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1987.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Morphine ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè dín mímí ọmọ kù. Ní Rotterdam, wọ́n dán paracetamol inú iṣan wò lára ọmọ 71 tí kò tíì pé ọdún kan, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ńlá fún. Ní 2013 wọ́n ròyìn pé morphine tí àwọn tó gbà á nílò fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín sí ti àwọn tó kù.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tó dákẹ́ lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe pé ara ti tù ú. Ẹ wo ojú tó fún pọ̀, ọwọ́ tó dì, ọmú tó kọ̀, kẹ́ ẹ sì pe nọ́ọ̀sì. Gbígbé ọmọ sáyà àti fífún un lọ́mú ń tù ú bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, àmọ́ wọn ò lè rọ́pò oògùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Paracetamol tí a ń rà lọ́jà, ẹ má ṣe fún un fúnra yín o: ìwọ̀n ọmọ ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀, àṣejù rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.